Ìka mẹ́fà lọ́wọ́ ọmọ: kí ló kan kíndìnrín?

Ìbéèrè: Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lọ ṣe scan oyún ọ̀sẹ̀ 20 ní Àkúrẹ́ níbí. Wọ́n rí ìka mẹ́fà lọ́wọ́ ọmọ. Ni wọ́n bá tún ń wo ìpàkọ́ àti kíndìnrín, wọ́n ní kó padà wá. Ṣé kì í ṣe Olúgbódi lásán ni?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun ló wọ́pọ̀ jù. Ìka kẹfà kì í ṣe tuntun láàárín àwa ènìyàn dúdú. Àwọn baba wa ti fún un lórúkọ àmútọ̀runwá. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ìka yẹn kì í dá wá. Àìsàn kan wà tó ṣọ̀wọ́n gan-an, Meckel-Gruber ni wọ́n ń pè é. Meckel ará Jámánì ti kọ nípa rẹ̀ ní 1822. Ìka á lé, egungun ìpàkọ́ kò ní pa dé, ọpọlọ á yọ síta bí àpò, kíndìnrín méjèèjì á wú, á kún fún àpò omi wẹ́wẹ́. Ìka nìkan kò tó ẹ̀rí. Àmì tó ń bá a rìn, ní ìpàkọ́ àti kíndìnrín, ni wọ́n ń wá kiri.

Ìbéèrè: Ṣé scan kò lè ṣì í?

Ìdáhùn: Ó lè ṣì í dáadáa. Láti bí ọ̀sẹ̀ 16 lọ, ìtọ̀ ọmọ ló pọ̀ jù nínú omi tó yí i ká. Kíndìnrín tó bàjẹ́ kì í tọ̀, omi á gbẹ. Ohùn ni ẹ̀rọ yìí fi ń ríran, inú omi ló sì ti ń ríran jù. Bí omi bá ti gbẹ, àwòrán á ṣú. Ẹ ò rí i pé àìsàn náà gbọ́n! Àìsí omi yìí náà ni kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró dàgbà, ìdí nìyẹn tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í fi í pẹ́ láyé. Àìsàn mìíràn, trisomy 13 (níbi tí chromosome kẹtàlá, okùn àbùdá inú ara, ti jẹ́ mẹ́ta dípò méjì), tún lè jọ ọ́. Àyẹ̀wò omi inú ilé ọmọ ló ń ṣèyàtọ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n ti ń wo ìyá ọkọ lójú burúkú nílé.

Ìdáhùn: Ẹ fi màmá sílẹ̀ o! Bí AS méjì ṣe ń bí SS ni: bàbá gbé àbùdá kan tó lábùkù, ìyá gbé ọ̀kan, kò sì sí ohun tó ṣe àwọn fúnra wọn. Oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin. Ṣọ́ọ̀ṣì ń béèrè AS kí wọ́n tó so yìgì. Ta ló ń béèrè èyí?

Kó padà lọ lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un, kó béèrè pé: ìpàkọ́ ńkọ́? Kíndìnrín ńkọ́? Omi ńkọ́? Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹ máa ra aṣọ Olúgbódi.