Mo pààrọ̀ lẹ́ǹsì kámẹ́rà Raspberry Pi mi, fọ́tò wá ń pọ́n láàárín

Ìbéèrè: Mo yọ lẹ́ǹsì ara Camera Module 2, kámẹ́rà tí mo so mọ́ Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré) mi, mo sì fi òmíràn tó ń rí ibi tó gbòòrò sí i. Láti ìgbà náà ni àárín fọ́tò ti ń pọ́n bí ẹni da osùn sí i, tí etí rẹ̀ sì ń ní àwọ̀ ewé. Ṣé kámẹ́rà mi ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́ rárá. Fáìlì tó ń darí rẹ̀ ló ṣì rò pé lẹ́ǹsì àkọ́kọ́ ló wà níbẹ̀.

Nọ́ńbà lásán ni sensor, apá kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀, ń kó jáde. Nínú ojú mẹ́rin-mẹ́rin tó wà lórí rẹ̀, méjì ń gba àwọ̀ ewé, ọ̀kan ń gba pupa, ọ̀kan ń gba búlúù. Bryce Bayer tó ṣiṣẹ́ ní Kodak ló gbé ètò yìí kalẹ̀. 1976 ni wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń sọ nọ́ńbà náà di fọ́tò ni ISP, inú Pi fúnra rẹ̀ ló wà. Kò sì mọ irú kámẹ́rà tí ẹ so mọ́ ọn, àfi ohun tí fáìlì bá sọ fún un.

Ìmọ́lẹ̀ tí lẹ́ǹsì ń mú wọlé máa ń dínkù níhà etí, àwọ̀ rẹ̀ náà sì máa ń yí díẹ̀díẹ̀. Apá tó ń jẹ́ rpi.alsc nínú fáìlì ló ń tún un ṣe, pẹ̀lú tábìlì nọ́ńbà: 16 × 12 lórí Pi 4 àtàwọn tó ṣáájú rẹ̀, 32 × 32 lórí Pi 5. Lẹ́ǹsì àtijọ́ ni wọ́n fi wọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Ní báyìí, àìsàn tí kò sí mọ́ ló ń wò.

Ìbéèrè: Níbo ni fáìlì yìí wà?

Ìdáhùn: /usr/share/libcamera/ipa/rpi/pisp ni lórí Pi 5, vc4 ló wà ní ipò pisp lórí àwọn tó ṣáájú. JSON ni, ẹ lè ṣí i kí ẹ kà á. Tiyín ni imx219.json, torí imx219 ni orúkọ sensor Module 2. Ẹ má fọwọ́ kan ojúlówó, torí ìgbà tí ẹ bá tún ètò kọ̀ǹpútà ṣe, iṣẹ́ yín lè pa rẹ́. Ẹ dà á kọ, kí ẹ wá fi --tuning-file tọ́ka sí ẹ̀dà yín nígbà tí ẹ bá ń lo rpicam-still, ètò tó ń ya fọ́tò.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú rpi.black_level, apá fáìlì tó ń sọ nọ́ńbà tó dúró fún dúdú. Nínú òkùnkùn biribiri pàápàá, sensor kì í sọ pé 0. Ti imx219 jẹ́ 4096, ti ov5647, sensor Module 1, jẹ́ 1024. Bí ẹ bá kọ ọ́ kéré jù, ibi tó yẹ kó dúdú yóò máa ṣe bí èsè àlùkò.

Ìbéèrè: NoIR, kámẹ́rà tí kò ní asẹ́ tó ń dènà infurarẹ́ẹ̀dì, ńkọ́?

Ìdáhùn: Module 2 kò lè dá ara rẹ̀ mọ̀ bíi NoIR, torí sensor kan náà ni. Ẹ̀yin lẹ máa yan imx219_noir.json. Module 3 ń sọ irú ẹni tó jẹ́ fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè ṣe fáìlì tèmi?

Ìdáhùn: Ètò tí wọ́n ń pè ní Camera Tuning Tool ló wà fún un. Bó bá jẹ́ lẹ́ǹsì nìkan lẹ pààrọ̀, ẹ fi ike funfun tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá bo ojú lẹ́ǹsì, kí ẹ ya DNG (fọ́tò tí ISP kò tíì tún ṣe) mélòó kan lábẹ́ iná oríṣiríṣi tó tàn dọ́gba, kí ẹ sì fi alsc àti iye kelvin iná náà (òdiwọ̀n àwọ̀ iná) sínú orúkọ fáìlì. alsc_only.py yóò ṣe ìyókù.

Bí ẹ bá fẹ́ tún gbogbo àwọ̀ ṣe, ẹ máa nílò páálí alápá 24 tí wọ́n fi ń yẹ àwọ̀ wò. Ohun kan ń dùn mí nípa páálí yìí: nínú apá 24 yẹn, àwọ̀ ara èèyàn kò ju méjì lọ, dúdú kan, funfun kan. Fún àwa tí ará ilé wa ló máa dúró síwájú kámẹ́rà, kò tó. Ẹ pe ẹni tó dúdú bíi kóró iṣin, kí ẹ yà á nínú oòrùn àti lábẹ́ iná yàrá. Bí ojú rẹ̀ bá ń ṣe bí eérú, ẹ padà sí rpi.ccm tó ń tún àwọ̀ ṣe, àti rpi.contrast tó ń tún ìyàtọ̀ dúdú àti ìmọ́lẹ̀ ṣe, nínú fáìlì yín.