Bí Páìpù Ṣe Rí Ìjókòó Lórí Ẹ̀rọ Agbéniròkè

Ìjókòó páìpù, ohun tí wọ́n fi ń gbé páìpù gòkè nínú agbọ̀n ẹ̀rọ agbéniròkè, kò tóbi. Irin méjì ni. Ọ̀kan dúró sí apá ọ̀tún agbọ̀n ẹ̀rọ agbéniròkè, èkejì sí apá òsì. Ẹsẹ̀ wọn tẹ ilẹ̀ agbọ̀n, orí wọn sì ya bíi pàlàkà igi kí páìpù lè sùn sí i. Bẹ́líìtì náílọ́ọ̀nù kan wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi ń de ẹrù. Ti Genie, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe ẹ̀rọ agbéniròkè, èyí tí wọ́n ń fi sára ẹ̀rọ alápá gígùn, jẹ́ kílò 9.5 péré, ẹrù orí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju kílò 91 lọ. Àwọn Amẹ́ríkà fi orúkọ ibùsùn ọmọ ìkókó pè é. Ìjókòó páìpù ni a ó máa pè é níhìn-ín. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni ìjókòó dé, torí pé àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ náà kò ro ti ẹrù.

Èèyàn ni wọ́n rò. Ní 1944, Jay Eitel, ará California, bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí èèyàn yóò ṣe máa ká èso ṣẹ́rì láìgbé àkàbà láti ìdí igi kan dé òmíràn. Títí dòní, "akáṣẹ́rì" ni ọ̀pọ̀ Amẹ́ríkà ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ gílóòbù ló gòkè lọ pààrọ̀. Ní 1953 ó dá iléeṣẹ́ Telsta sílẹ̀, àwọn oníwáyà tẹlifóònù sì gba ẹ̀rọ náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹni tó ń ká ṣẹ́rì, àpò èso ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó ń so wáyà, irinṣẹ́ ìdí rẹ̀ ló gbé. Kò sí èyí tó gbé irin tó gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ nínú àwọn méjèèjì.

John L. Grove ní tirẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe kírénì kó tó kúrò nídìí rẹ̀ ní 1967. Ìtàn tí iléeṣẹ́ rẹ̀ ń sọ ni pé òun àti ìyàwó rẹ̀ ń rin ìrìn àjò kiri, wọ́n dé ibi ìsédò Hoover, wọ́n sì gbọ́ pé iná mànàmáná pa òṣìṣẹ́ méjì lórí sikafóòdì níbẹ̀. Ó dá iléeṣẹ́ náà, JLG, sílẹ̀ ní McConnellsburg, Pennsylvania, ní 1969, ó sì ta ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ní 1970. Ẹ wo ẹni tó mọ kírénì bí ẹní mowó, síbẹ̀ ohun tó ṣe kì í ṣe kírénì: kò ní ìkọ́, agbọ̀n ló ní, ènìyàn ló sì wà nínú agbọ̀n.

Genie nìkan ló ti ọ̀nà òdìkejì wá. Ní 1966, ní ìpínlẹ̀ Washington, Bud Bushnell bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi afẹ́fẹ́ tí wọ́n há mọ́nú ìgò irin gbé ẹrù sókè. Bí afẹ́fẹ́ náà bá ń jáde, á máa dún ṣùùù, bí ẹ̀mí àìrí inú ìgò tí wọ́n ń sọ nínú àlọ́ àwọn Lárúbáwá. Ibẹ̀ ni orúkọ iléeṣẹ́ náà ti wá. Nígbà tí Genie náà wá ṣe ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ ẹrù wà, ọ̀tọ̀ ni ti èèyàn. Páìpù bọ́ sí àárín méjèèjì.

Lórí sikafóòdì, páìpù kì í ṣe ìṣòro. Pákó gbalẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, o kàn máa tẹ́ páìpù sórí rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ àlùmọ́gàjí, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣí tó ń pa dé bí àlùmọ́gàjí, wọ inú ilé tí wọ́n ń kọ́, ilẹ̀ iṣẹ́ sún kì. GS-1930 ti Genie, tó wọ́pọ̀ gan-an, mítà 1.63 ni pèpéle rẹ̀ gùn, kò sì fẹ̀ tó mítà kan. Páìpù irin ní Amẹ́ríkà sì máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 21, ìyẹn mítà 6.4. Níbo lo fẹ́ tẹ́ ẹ sí? Orí réèlì ni, irin ìdáàbòbò tó yí pèpéle ká. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn pulọ́ḿbà, àwọn tó ń ṣe páìpù panápaná àti àwọn oníná ṣe ń ṣe é: wọ́n á gbé páìpù dábùú réèlì, wọ́n á fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ dè é, wọ́n á tẹ bọ́tìnì ìgòkè.

Ìwé ìtọ́ni àwọn tó ṣe ẹ̀rọ kọ̀ ọ́: ẹ má gbé ẹrù tó yọ síta sórí réèlì, ẹ má so nǹkan mọ́ ọn, ẹ má sọ ẹ̀rọ di kírénì. Wọ́n jàre. Agbára tí ara èèyàn fi ń ti nǹkan tàbí fà á ni wọ́n fi ṣírò ìdúró ẹ̀rọ náà. Nínú òfin EN 280 ti Yúróòpù, níútọ̀nù (òṣùwọ̀n agbára) 200 ni fún ẹnì kan, 400 bí wọ́n bá ju ẹnì kan lọ; kílò 80 ni wọ́n ka èèyàn sí, kílò 40 sì ni irinṣẹ́. Ẹ wá gbé páìpù oníṣì méjì (ìyẹn tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí íńṣì méjì) kan ṣoṣo lé ìwọ̀n, irú èyí tí ara rẹ̀ nípọn níwọ̀nba: kílò 35. Páìpù kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ àyè irinṣẹ́ tán, ẹnikẹ́ni ò sì tíì mú sípánà. Síbẹ̀, ìkìlọ̀ nìkan kò lè dá àṣà yìí dúró, torí páìpù gbọ́dọ̀ gòkè dandan. Ìgbà tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fi ìjókòó sí i, tí wọ́n sì kọ iye kílò sára rẹ̀, ni ìkìlọ̀ náà tó ní ìtumọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń fi sí i rèé. Agbọ̀n gbọ́dọ̀ dúró gbọọrọ, kó má dẹ̀gbẹ́. Inú agbọ̀n ni ìjókòó ń wà, kì í ṣe ìta, ẹsẹ̀ irin náà sì gbọ́dọ̀ kanlẹ̀ kí ilẹ̀ agbọ̀n lè gbé ìwúwo, kó má baà rọ̀ mọ́ réèlì. Bóòtù tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U méjì ló ń ti ìta réèlì wọlé sínú ìjókòó kọ̀ọ̀kan, bóòtù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú wọ́ṣà méjì àti nọ́ọ̀tì méjì. Fún ìjókòó méjèèjì, bóòtù mẹ́rin, wọ́ṣà mẹ́jọ, nọ́ọ̀tì mẹ́jọ. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù nílẹ̀, ẹ tú u wò. Kò gbọdọ̀ dí ẹnu ọ̀nà agbọ̀n tàbí ibi tí wọ́n ti ń darí ẹ̀rọ. Páìpù á wá sùn lórí méjèèjì, gígùn rẹ̀ bá gígùn agbọ̀n mu, ìdajì sọ́tùn-ún, ìdajì sósì. Ẹ fa bẹ́líìtì le, kí ẹ sì rọra tì í, kí ẹ rọra fà á, kí ẹ lè mọ̀ bóyá nǹkan kan ń mì.

Ìṣirò ló máa ń kó bá àwọn èèyàn. Nínú kílò 91, páìpù oníṣì kan, tí ọ̀kan jẹ́ kílò 16, á gba márùn-ún. Ẹ̀kẹfà ti kọjá ààlà. Oníṣì méjì, méjì péré. Oníṣì mẹ́rin kò wọ ibẹ̀ rárá, torí ọ̀pá kan ṣoṣo jẹ́ kílò 103. Agbọ̀n ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ alápá gígùn ń gbé kílò 227. Bí òṣìṣẹ́ méjì bá wọlé, 160 ti lọ. Ìjókòó mú 9.5, 57.5 ló kù fún páìpù àti irinṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìtọ́ni fi sọ pé ìjókòó yìí lè mú kí ó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni yóò wà nínú agbọ̀n. Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ kì í fẹ́ gbọ́ gbólóhùn yẹn.

Òfin tuntun ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ANSI A92.20, tí wọ́n gbé jáde ní ìparí 2018 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà 2020, ló wá fi òǹtẹ̀ lù ú: ẹ̀rọ tuntun gbọ́dọ̀ máa wọn ẹrù inú ara rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, á pariwo, á sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Yúróòpù ti ń ṣe é ṣáájú. Ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín páìpù tó wúwo àti páìpù tí orí rẹ̀ há sábẹ́ ìtì igi àjà nígbà tí agbọ̀n ń gòkè. Ó lè ka méjèèjì sí àpọ̀jù ẹrù. Ẹ wo òkè àti ìpẹ̀kun méjèèjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹ̀rọ.

Ìpẹ̀kun yẹn ni wàhálà tó kù. Lórí agbọ̀n tó gùn ní mítà 2.44, páìpù mítà 6.4 yọ síta tó mítà méjì lọ́tùn-ún àti lósì. Bí agbọ̀n bá yí díẹ̀, orí páìpù á yí púpọ̀, á gbá òpó tàbí gíláàsì. Nídìí wáyà iná ó burú jù: ní Amẹ́ríkà, mítà 3.05 ni àlàfo tí wọ́n béèrè fún wáyà tí iná rẹ̀ kò ju kílófóòtì 50 lọ, orí páìpù ni ẹ ó sì ti wọn ọ́n, kì í ṣe ara agbọ̀n. Bí ẹ bá gé apá kan páìpù lórí ìjókòó, ìwúwo ti sún sí apá kejì nìyẹn. Ẹ tún un gbé sáàárín kí ẹ tó sún ẹ̀rọ.

Páìpù oníṣì mẹ́rin ńkọ́? Ẹ̀rọ ẹrù ló ń gbé e, èyí tí Genie kò fi sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. SLA-25 wọn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, ń gbé kílò 295 dé nǹkan bíi mítà 7. Wọ́n á gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ àlùmọ́gàjí. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ á máa yí i, ẹni tó wà lókè á dúró dè é pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo méjèèjì.