Ìjàpá Tí Òrùlé Rẹ̀ Ń Ṣí: Bí A Ṣe Ń Mọ Ibi Tí Ó Ti Wá àti Bí Ó Ṣe Ṣọ̀wọ́n Tó

Àwọn ènìyàn sábà máa ń wa ọkọ̀ Ìjàpá, èyí tí Volkswagen ṣe, wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Òṣogbo, kí a lè sọ fún wọn bóyá láti ilé-iṣẹ́ ni òrùlé rẹ̀ ti ń ṣí, àbí ẹnìkan ni ó fi ayùn gé òrùlé náà dànù níhìn-ín. Ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, nítorí owó gọbọi ni ó wà nínú ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ tà á yóò sọ pé irú rẹ̀ kò ju ẹyọ mélòó kan lọ ní gbogbo Nàìjíríà. Ẹni tí ó fẹ́ rà á, ní tirẹ̀, yóò ti máa fojú inú wo ara rẹ̀ níbi tí ó ti ń fi ọkọ̀ náà gbé ìyàwó tuntun kọjá ní Òkè-Fìà. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí a mọ ohun tí ilé-iṣẹ́ ṣe, iye tí wọ́n ṣe, àti ohun tí ó wà lára irin tí a ń wò yìí gan-an.

Kì í ṣe Volkswagen fúnra rẹ̀ ni ó ń kan ara kọnfátíbù Ìjàpá, ìyẹn èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí. Ní ọdún 1949, ó gbé iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ méjì ní Jámánì tí ó jẹ́ pé ara ọkọ̀ ni wọ́n ń kàn. Karmann, tí ó wà ní ìlú Osnabrück, ni ó gba ti oníjókòó mẹ́rin, 1,000 ọkọ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́. Hebmüller, tí ó wà ní Wülfrath, ni ó gba ti oníjókòó méjì, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ ní 2,000. Ẹni tí ó bá wo iye méjèèjì yìí yóò rò pé ti Hebmüller ni yóò pọ̀ ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún 1949 kan náà, iná ṣẹ́ yọ ní ilé-iṣẹ́ Hebmüller, ó sì ba ibi iṣẹ́ wọn jẹ́ gidigidi. Wọ́n tún dìde, wọ́n ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè borí wọn, ilé-iṣẹ́ náà sì kógbá wọlé ní 1952. Àwọn ẹyọ díẹ̀ tí wọn kò tí ì parí, Karmann ni ó bá wọn tò ó. Gbogbo ti Hebmüller pátá jẹ́ 696. Karmann ń bá tirẹ̀ lọ títí di ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 1980, nígbà tí èyí tí ó kẹ́yìn jáde, ó sì ti tó ọdún méjì nígbà náà tí wọ́n ti dáwọ́ Ìjàpá olórùlé, èyí tí òrùlé irin rẹ̀ kì í ṣí, dúró ní Jámánì. Iye tí Karmann ṣe jẹ́ 331,847.

Iye yìí ni kí a fi sọ́kàn nígbà tí ẹnìkan bá ń pariwo pé ọkọ̀ òun ṣọ̀wọ́n. Títí wọ́n fi ṣe Ìjàpá ìkẹyìn ní orílẹ̀-èdè Mexico ní oṣù keje ọdún 2003, gbogbo Ìjàpá tí a ṣe láyé jẹ́ 21,529,464. Bí a bá pín in, nínú Ìjàpá 65, ẹyọ kan péré ni ó jẹ́ kọnfátíbù Karmann. Ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógún kì í ṣe ohun tí a ń fi àtùpà wá kiri ní Jámánì tàbí ní Amẹ́ríkà. Ti Hebmüller ni ó ṣọ̀wọ́n ní tòótọ́, ìdí nìyí tí àwọn kan ní ilẹ̀ òkèèrè fi ń gé Ìjàpá olórùlé láti fi ṣe àfarawé rẹ̀. Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ Volkswagen tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá ní Èkó, ní ojú ọ̀nà Badagry, ní ọdún 1975, Ìjàpá olórùlé ni ó ń tò. Nítorí náà, kọnfátíbù Karmann tí a bá rí ní Òṣogbo lónìí, ojú omi ni ó gbà wá, ẹnìkan ni ó sì dìídì fi owó ara rẹ̀ gbé e wá. Ó ṣọ̀wọ́n láàrin wa, kò sì ṣọ̀wọ́n ní Osnabrück. Oníṣòwò tí ó bá ń fi ọ̀wọ́n tibí bu owó tọ̀hún lé ọkọ̀ ń da ọjà méjì pọ̀ ni, ẹni tí ó ń rà á kò sì gbọdọ̀ bá a dà á pọ̀.

Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ gbé ìjókòó náà kúrò, ẹ ó rí bátìrì ní ọwọ́ ọ̀tún. Bí omi bátìrì bá ti jẹ irin ibẹ̀, ẹ ṣọ́ra kí ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ní àárín gbùngbùn, irin gbọọrọ kan wà tí ó yọ sókè, tí ó là á já láti iwájú wá sí ẹ̀yìn. Lórí irin yìí ni wọ́n lu nọ́ńbà ṣáásì mọ́, ìyẹn nọ́ńbà irin ìsàlẹ̀ tí ó gbé ara ọkọ̀ dúró. Yóò ti kún fún ìdọ̀tí àti ọ̀dà ọdún pípẹ́. Ẹ fi àkísà tí a rẹ sínú kẹrosíìnì nù ún, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin rọra ha á. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan gbé ẹ̀rọ tí ń ha irin dé ibẹ̀, nítorí nọ́ńbà tí a bá ha dànù kò ṣe é padà kọ, ẹni tí ó bá sì rí ojú irin tí a ti ha yóò gbà pé jìbìtì ni. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má tan án láti òkè, kí òjìji lè mú ojú nọ́ńbà náà hàn.

Bí ọkọ̀ náà bá jáde láti oṣù kẹjọ ọdún 1964 síwájú, nọ́ńbà yìí fúnra rẹ̀ yóò sọ irú ọkọ̀ tí ó jẹ́. Nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ni ó ń sọ irú: 11 jẹ́ Ìjàpá olórùlé, 15 sì jẹ́ kọnfátíbù. Ẹ̀kẹta ni ó ń sọ nọ́ńbà tí ó kẹ́yìn nínú ọdún. Ẹ kíyè sí i pé oṣù kẹjọ ni ọdún ilé-iṣẹ́ náà ń bẹ̀rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ọkọ̀ tí ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1967 ni a ó bá 8 lára rẹ̀. Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí ọkọ̀ ọdún 1969 àti ti ọdún 1979 ni wọ́n jọ ní 159 níwájú. Bí a ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé kí a ka gbogbo nọ́ńbà náà. Ti 1969 jẹ́ mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n láti ti ọdún 1970 ni wọ́n ti fi 2 kún un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kẹrin, tí gbogbo rẹ̀ wá di mẹ́wàá. Nítorí náà, ohun tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1592, tí ó sì pé mẹ́wàá, ti 1979 ni. Ti àwọn ọkọ̀ tí ó ṣáájú oṣù kẹjọ ọdún 1964 kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí nọ́ńbà kan náà ni wọ́n ń kà lọ fún Ìjàpá gbogbo, kò sì sí ohun tí ó ń ya kọnfátíbù sọ́tọ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kò tí ì parí bí a bá rí 15. Ara Ìjàpá àti ṣáásì rẹ̀ kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Bóòtù ni wọ́n fi dè é mọ́ ara wọn, páńẹ̀lì-bítà tí ó mọṣẹ́ sì lè yọ ara ọ̀kan kúrò kí ó gbé e ka orí ṣáásì òmíràn láàrin ọjọ́ díẹ̀. Nọ́ńbà abẹ́ ìjókòó, ti ṣáásì ni. Fún ara ọkọ̀, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú, ẹ wo irin tí ó wà níbi tí táyà sípíà ń gbé, kí ẹ sì wá àwo pẹlẹbẹ tí Karmann kan nọ́ńbà tirẹ̀ sí. Nọ́ńbà Karmann kì í bá ti Volkswagen dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó rí, nítorí ilé-iṣẹ́ méjì ni wọ́n ka ọkọ̀ kan náà ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ti rí ẹni tí ó kọ ọkọ̀ gidi sílẹ̀ nítorí èyí, tí ó ní nọ́ńbà méjì túmọ̀ sí ọkọ̀ olè. Àmì Karmann kékeré tí a ń kàn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, níwájú ilẹ̀kùn, kò jẹ́ ẹ̀rí kankan lójú mi, nítorí wọ́n ń tà á lọ́tọ̀.

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tí ọ̀pọ̀ òǹrajà ń gbójú lé, ẹ̀rí rẹ̀ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì Ìjàpá kan ń wọ inú òmíràn láìsí wàhálà. Síbẹ̀, ó lè sọ díẹ̀. Lẹ́tà tí ó ṣáájú rẹ̀, lábẹ́ ibi tí dáínámò jókòó sí, ń sọ irú ẹ́ńjìnnì tí ó jẹ́, AJ sì ni ti àwọn tí ó ń fín epo sínú láìlo kabúrétọ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1975.

Bí wọ́n bá ti ha nọ́ńbà dànù tàbí tí ìpatà ti jẹ ẹ́, ara ọkọ̀ ṣì ní ẹnu tí ó fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ wo ilẹ̀kùn. Irin tí ó yí gíláàsì ilẹ̀kùn Ìjàpá olórùlé ká, ara ilẹ̀kùn ni ó wà títí láé. Ti Karmann, bí a bá yí gíláàsì wálẹ̀, kò ní sí irin kankan tí ó yí òkè ilẹ̀kùn ká mọ́, àfi férémù gíláàsì kékeré tí ó lè wà ní iwájú rẹ̀. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ti ẹ̀yìn náà ń wálẹ̀ lára Karmann, ọkọ̀ tí a gé kì í sì í ní irú rẹ̀. Òrùlé Karmann nípọn. Ó ní irun ẹṣin nínú gẹ́gẹ́ bí tìmùtìmù, igi wà nínú férémù rẹ̀, gíláàsì gidi sì ni fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkọ̀ tí ó bá jẹ́ pé tapólì kan ṣoṣo ni a nà bo orí rẹ̀, tí a sì fi ọ̀rá rán fèrèsé sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó dájú pé òrùlé yẹn kò ti Osnabrück wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti gbó kí wọ́n sì ti pààrọ̀ rẹ̀. Gíláàsì iwájú náà ń tú àṣírí: kọnfátíbù Karmann láti ti ọdún 1973 títí dé ìparí, gíláàsì tí ó tẹ̀ kọrọdọ ni ó ní. Ẹni tí ó bá ní ti 1978 ni òun ń tà, tí gíláàsì iwájú sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ kí i kí ẹ sì máa lọ.

Ìdánwò kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo èyí lọ. Òrùlé wà lára ohun tí ń mú kí Ìjàpá le gírígírí, nítorí náà, nígbà tí Karmann yọ òrùlé kúrò, wọ́n fi irin tí ó nípọn jó sábẹ́ àwọn ilẹ̀kùn àti sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ láti fi dípò rẹ̀. Ẹni tí ń fi ayùn gé òrùlé ní ìgboro kì í sábà rántí èyí. Ẹ ti ilẹ̀kùn méjèèjì, ẹ fi ìka wọn àyè tí ó wà láàrin ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀ ní òkè àti ní ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè díẹ̀, kí ẹ tún gbìyànjú láti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ náà. Bí ó bá há, tàbí tí àyè náà yí padà tí ojú rí i, ọkọ̀ náà ti ń tẹ̀ láàrin. Ó lè jẹ́ pé wọ́n gé e, ó sì lè jẹ́ Karmann gidi tí ìpatà ti jẹ irin abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ tán, nítorí òjò Òṣogbo kò mọ ọkọ̀ olówó yàtọ̀ sí ti tálákà. Èyí ó wù kí ó jẹ́, owó àtúnṣe pọ̀.

Ìwé ọkọ̀ ní tirẹ̀ ń sọ ìtàn tibí. Pátíkúlà ń sọ ìgbà tí ọkọ̀ wọ ìwé ìjọba, kì í sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò sí kí ó tó di ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, nítorí náà, ọkọ̀ tí ó bá ti ń rìn ní Òṣogbo kí ó tó di ìgbà náà, ìwé Ọ̀yọ́ ni ó yẹ kí ó ní, bí ó bá sì ti wà ṣáájú ọdún 1976, ìwé Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Bí ẹni tí ń tà á bá ní bàbá òun ni ó rà á ní tuntun ní 1970, tí ìwé àkọ́kọ́ tí ó lè mú jáde sì jẹ́ ti Ọ̀ṣun, ẹ bi í léèrè ibi tí ọkọ̀ náà wà láàrin. Ẹ wo ọwọ́ tí ìdarí ọkọ̀ wà pẹ̀lú. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ìdí nìyí tí ìdarí apá ọ̀tún fi bá ìtàn ọkọ̀ tí ó ti wọlé ṣáájú àkókò yẹn mu. Ti ẹni tí ó ní 1977 ni òun gbé e wọlé ní tuntun ń fẹ́ àlàyé.

Bí gbogbo èyí bá ti fohùn ṣọ̀kan, ẹ kọ̀wé sí AutoMuseum Volkswagen ní Wolfsburg. Wọ́n ń gba owó, wọ́n sì ń fi ìwé ẹ̀rí ìbí ọkọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí ó bá fi nọ́ńbà ṣáásì béèrè. Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà jáde àti àwọ̀ tí ó ní ní ìbẹ̀rẹ̀ wà lára ohun tí yóò wà nínú rẹ̀. Fún ọkọ̀ tí ó ṣáájú 1964, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó san owó kọnfátíbù láìsí ìwé yìí. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà abẹ́ ìjókòó àti ti àwo Karmann kí ẹ tó fi ọ̀dà kankan kan ọkọ̀, kí ẹ sì tọ́jú fọ́tò náà pọ̀ mọ́ ìwé ọkọ̀.

Ẹni tí ó bá wá rí i pé gígé ni wọ́n gé tirẹ̀ kò ní láti tà á fún alágbẹ̀dẹ. Ó lè máa lò ó fún ayẹyẹ, bí ó bá ti lè jẹ́ kí oníṣẹ́ jórinjórin tí ó mọ ọkọ̀ kọ́kọ́ gbé e sórí ìdúró, kí ó fi jáàkì tún àárín rẹ̀ gbé dọ́gba, kí ó sì jó irin onígun mẹ́rin tí ó nípọn mọ́ abẹ́ ilẹ̀kùn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti iwájú dé ẹ̀yìn, nígbà tí ilẹ̀kùn wà ní títì. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ra irú rẹ̀, owó Ìjàpá olórùlé tí ó ti gbó ni kí ó san fún un ní ọjà, kí ó sì yọ owó irin àti ti òrùlé tuntun kúrò nínú rẹ̀.