Bí A Ṣe Mọ̀ Pé Kókó Inú Ọrùn Lè Fa Inú Rírun Òjijì

Nígbàkígbà tí mo bá ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi ní Kubwa, ní Àbújá níbí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: kí ló pa ọrùn àti ikùn pọ̀? Ara àgbáńréré ni ìdáhùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1849, àgbáńréré kan tí wọ́n mú wá láti Íńdíà kú sí ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí Richard Owen, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara ẹranko, la òkú rẹ̀, ó rí kókó kékeré kan, aláwọ̀ ìyeyè, tó lẹ̀ mọ́ ibi tí gẹ̀gẹ̀ ti máa ń yọ lára ènìyàn. Àwa Yorùbá ní gẹ̀gẹ̀ fún wíwú ibẹ̀, ṣùgbọ́n a kò dárúkọ ẹ̀yà ara tó ń wú gan-an, èyí tí òyìnbó ń pè ní táírọ́ìdì, ká má tilẹ̀ sọ ti kókó mẹ́rin tó sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó hóró ìrẹsì. Ivar Sandström, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Uppsala, ní Sweden, ló kọ̀wé nípa wọn lára ènìyàn ní 1880; paratáírọ́ìdì tí ó pè wọ́n kò ju "alábàágbé táírọ́ìdì" lọ. Mo gbà tọkàntọkàn pé wọ́n ti ń pa ènìyàn ṣáájú ìgbà náà, bí ọ̀kan nínú wọn bá ń ṣiṣẹ́ àṣejù: ẹni tí egungun rẹ̀ ń kán wẹ́wẹ́, tí òkúta wà nínú kíndìnrín rẹ̀, tí inú rírun sì wá gbé lọ, ó ṣeé ṣe kí àìsàn kan ṣoṣo ti bá a jà, kí àwọn ará ilé rẹ̀ sì ti kà á sí mẹ́ta.

Ẹni tí mo fún ní ògo ìtàn yìí ni Oliver Cope, oníṣẹ́ abẹ ní Boston, ní Amẹ́ríkà. Ó wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ keje fún Charles Martell, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi, ní 1932, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kókó tó ń ṣiṣẹ́ àṣejù náà nínú àyà rẹ̀. Ní 1957, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ gbangba pé inú rírun òjijì tí wíwú páńkíríásì, ẹ̀yà ara tó sùn sẹ́yìn àpòlúkù, máa ń fà lè jẹ́ àmì tí yóò tọ́ka dókítà sí ọrùn. Àwọn kan ti kọ nǹkan tó fara jọ ọ́ ní 1940, ṣùgbọ́n Cope ló sọ ọ́ di ohun tí dókítà lè lò. Kókó náà ń fa kálísíọ́mù, èròjà tó ń mú egungun le, láti inú egungun sínú ẹ̀jẹ̀. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ gbà ni pé nígbà tí kálísíọ́mù bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń jí omi tó ń da oúnjẹ kí àsìkò rẹ̀ tó tó, omi náà a sì máa da páńkíríásì fúnra rẹ̀.

Àwọn dókítà ilé ìwòsàn Mayo ní Amẹ́ríkà sọ ní 1980 pé nínú aláìsàn 1,153 tí kókó wọn ń ṣiṣẹ́ àṣejù, 17 péré ni páńkíríásì wọn tún wú, wọ́n sì ṣiyèméjì pé bóyá ni ọ̀kan ń fa èkejì. Ìyẹn kò dá mi dúró, nítorí inú rírun ọ̀pọ̀ kò padà mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n yọ kókó náà.

Ọtí àti òkúta inú àpò òróòro ló sábà máa ń mú páńkíríásì wú. Ní ìhà àríwá níbí, níbi tí ọ̀pọ̀ kì í fẹnu kan ọtí, bí sikáànù kò bá rí òkúta nínú àpò òróòro aláìsàn tí páńkíríásì rẹ̀ wú, ó yẹ kí á wọn kálísíọ́mù rẹ̀, kí á sì tún un wọ̀n lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, nítorí ọ̀rá tó ń bàjẹ́ nínú ikùn a máa gbá kálísíọ́mù mú lákòókò ìrora náà, iye rẹ̀ a sì dà bí ẹni pé kò sí nǹkan.