POST: àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe kí ó tó tàn

POST (Power-On Self-Test) ni àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà máa ń ṣe fún ara rẹ̀ ní kété tí a bá ti tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, kí Windows tàbí Linux tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. BIOS, ètò kékeré tó wà lórí motherboard (pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́), ló ń ṣe é: yóò yẹ CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) wò, yóò yẹ RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) wò, yóò sì wá káàdì tó ń gbé àwòrán jáde. Bí ọ̀kan pàtàkì nínú wọn kò bá dáhùn, ibẹ̀ ni yóò dúró sí, ojú mọ́nítọ̀ yóò sì ṣókùnkùn bí fáànù tilẹ̀ ń yí.

Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ láti tàn lẹ́yìn tí a pààrọ̀ nǹkan nínú rẹ̀, fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí kò bá yí rárá, ó ṣeé ṣe kí iná má dé inú rẹ̀: ẹ wo bọ́tìnnì ẹ̀yìn power supply (àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà), àti wáyà ńlá oní-pin 24 tó ti ibẹ̀ lọ sí motherboard. Bí ó bá ń yí, ó ṣeé ṣe kí POST má tíì parí.

RAM ni èmi máa ń kọ́kọ́ fura sí, kódà bí kì í bá ṣe òun la pààrọ̀, nítorí pé ọwọ́ tó ń ti káàdì mìíràn wọlé lè mú un yẹ̀ díẹ̀. Ẹ fa wáyà iná yọ, ẹ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí iná tó ṣẹ́kù lè tán, kí ẹ wá yọ gbogbo RAM, kí ẹ sì dá ẹyọ kan ṣoṣo padà. Ẹ tẹ orí rẹ̀ méjèèjì títí ẹ ó fi gbọ́ tí ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò náà ró. Bí kò bá wọlé, ẹ má fi agbára tì í. Oríṣi RAM ni DDR4 àti DDR5, DDR4 kì í sì wọ ihò DDR5. RAM DDR5 tuntun sì lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan kí àwòrán tó yọ nígbà àkọ́kọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tètè pa á.

Bí ó bá jẹ́ CPU lẹ pààrọ̀, ó lè jẹ́ pé BIOS ti pẹ́ jù láti dá a mọ̀, tàbí kí ẹ ti gbàgbé wáyà oní-pin 8 ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ti káàdì àwòrán, ara rẹ̀ gan-an ni kí wáyà mọ́nítọ̀ wọ̀, kì í ṣe ara motherboard.

Motherboard mìíràn ní iná kéékèèké tí wọ́n kọ CPU, DRAM (RAM), VGA (káàdì àwòrán) àti BOOT (ibi tí Windows tàbí Linux ti ń bẹ̀rẹ̀) sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó bá tàn tí kò kú ni ó ń tọ́ka sí ibi tí àyẹ̀wò ti dúró. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá yanjú, ẹ dá ohun àtijọ́ padà: bí kọ̀ǹpútà bá tàn, ohun tuntun náà ló bàjẹ́ tàbí tí kò bá a mu.