Kí Ni Ọmọ Ń Rò Bí Ó Bá Ń Ta Ayò Lórí Fóònù?

Ìbéèrè: Ọmọ mi, tí ó ń kàwé níhìn-ín ní Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, máa ń pa fóònù láyò léraléra, ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi nídìí ọpọ́n gidi, kíá ni wọ́n ń pa á. Ṣé ohun tí ó ní kì í ṣe ọgbọ́n ni?

Ìdáhùn: Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni irú rẹ̀. Ihò 12 ni ọpọ́n ní, ọmọ ayò 4 sì ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n yín níláti mọ ibi tí ọmọ tí ó kẹ́yìn yóò bọ́ sí kí wọ́n tó fọwọ́ kan ihò, nítorí pé bí wọ́n bá ti kó o, ó ti bọ́. Fóònù ni ó ń bá ọmọ yín ka ọmọ ayò, òun náà ni ó ń bá a pín in, ó sì lè gbà á láyè láti dá títa rẹ̀ padà, nítorí náà ọmọ náà lè máa dán ihò wò títí ọ̀kan yóò fi jẹ. Ìrònú rẹ̀ ń tẹ̀lé ìka rẹ̀. Bí ó bá tún jẹ́ ìpele tí ó rọrùn ni ó ń ta, àṣìṣe tí ẹ̀rọ máa ń ṣe ni ó ti mọ̀, kì í ṣe ayò.

Ìbéèrè: Báwo wá ni ọ̀ta, ẹni tí ó mọ ayò ta dáadáa, ṣe ń ronú?

Ìdáhùn: Ká ní ọmọ 5 wà nínú ihò rẹ kẹta láti apá òsì. Ìkẹyìn yóò bọ́ sínú ihò kejì ẹni tí ẹ jọ ń ta. Bí ọmọ 1 tàbí 2 bá wà níbẹ̀, yóò di 2 tàbí 3, o ó sì jẹ ẹ́. Ibí ni òpè ń dúró sí. Ọ̀ta á tún bi ara rẹ̀ pé, "Kí ni òun náà yóò rí jẹ lọ́dọ̀ mi?" Ó sì lè fi sùúrù kó ọmọ jọ sínú ihò kan, èyí tí a ń pè ní odù, títí ihò ẹnìkejì yóò fi ṣófo tó.

Ìbéèrè: Ṣé ẹ̀rọ kò ti mọ gbogbo rẹ̀ tán ni?

Ìdáhùn: Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò awari, ayò kan tí ó jọ tiwa gidigidi. Wọ́n wo ipò 889,063,398,406 tí ọmọ ayò lè wà lórí ọpọ́n, wọ́n sì rí i pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣàṣìṣe, ọ̀mì ni wọn yóò ta. Kò sí orí ènìyàn tí ó gba èyí, ìdí nìyẹn tí akẹ́kọ̀ọ́ fi níláti kọ́ bí a ṣe ń yan ìwọ̀nba tí ó yẹ kí a rò.

Ìbéèrè: Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó tó tẹ ihò, ẹ ní kí ó sọ ibi tí ìkẹyìn yóò bọ́ sí, àti ìdí tí ó fi yan ihò náà. Ẹ jẹ́ kí ó fi Yorùbá sọ ọ́, nítorí pé Faransé ni ó fi ń ṣe ìṣirò ní ilé-ìwé, ó sì lè mọ ìdáhùn kí ó má rí ọ̀rọ̀ fi ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n yín. Bí ó bá dákẹ́, ẹ mú un padà sídìí ọpọ́n, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín ọmọ ayò náà.