Ta Ni Yóò Jókòó Ti Ọmọ Náà Kàwé?

Bí mo bá sọ fún èèyàn ní Ìlọrin pé àjọ tó ń mú ìwé dé ọ̀dọ̀ ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni pé, "Páálí mélòó lẹ ti pín?" Ìbéèrè rere ni, ṣùgbọ́n kò kan ibi tí iṣẹ́ wà. Àwọn ilé-ìwé kan wà láàárín wa tí ìwé wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọn, tí wọ́n tì í pa, tí ọmọ kíláàsì kẹrin ibẹ̀ kò sì lè ka gbólóhùn kan já. Èèyàn ló wọ́n wọn: ẹni tó máa jókòó ti ọmọ, tó máa tẹ́tí sí bó ṣe ń kà, tó sì máa padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní irú àjọ bẹ́ẹ̀ fún yín, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ máa béèrè kí ẹ tó dáwó, kí ẹ tó kó ìwé wá, tàbí kí ẹ tó fa ọmọ yín lé wa lọ́wọ́.

Ọwọ́ ẹni tó ń ṣa ìwé ni ìwé kọ́kọ́ ń dé. Òmíràn ń ti ilé àwọn ará ìlú wá, òmíràn sì lè gba orí òkun wá láti ọ̀dọ̀ àjọ bíi Books For Africa ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, tàbí Book Aid International ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ti wà láti 1954. Ẹni yìí ló ń yẹ ìwé wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ojú ìwé pé? Ṣé ikán ti dé ibẹ̀? Ṣé wọ́n ti kọ ìdáhùn sínú rẹ̀? Lẹ́yìn náà ni èyí tó le jù: ọmọ wo ní Òkè-Oyì tàbí Àjàṣẹ́-Ìpo ló máa ka èyí? Ìwé tó kún fún yìnyín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò burú fún ọmọ tó ti ń kàwé geere. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣì ń bá lẹ́tà jìjàkadì, kò yẹ kó tún máa bá ohun tí kò rí rí jìjàkadì. Mo fẹ́ràn òṣìṣẹ́ tó lè sọ pé, "Ẹ ṣeun o, bàbá, ṣùgbọ́n a ò ní lè gba èyí." Kò rọrùn láti sọ fún àgbàlagbà tó fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé ìwé wá. Síbẹ̀, ìwé tí kò bá ọmọ mu ń jẹ àyè, ó ń jẹ owó ọkọ̀, ó sì lè mú kí ọmọ rò pé bí gbogbo ìwé ṣe ń súni nìyẹn.

Olùkọ́ ìwé kíkà ni òpómúléró. Kíláàsì tí ọmọ wà kọ́ ló kọ́kọ́ ń béèrè. Bébà kan ló ń gbé síwájú rẹ̀: lẹ́tà, ọ̀rọ̀ kéékèèké, ìpínrọ̀ kúkúrú, lẹ́yìn náà ìtàn. Ibi tí ọmọ bá dúró sí ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀, ì báà wà ní kíláàsì kẹta tàbí ìkarùn-ún. Àjọ Pratham ní Íńdíà ló sọ ọ̀nà yìí di ńlá, ó sì ti dé orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Áfíríkà. Ìtìjú ló ń bà á jẹ́, pàápàá fún ọmọ ọdún mọ́kànlá tí wọ́n bá kó pọ̀ mọ́ ọmọ ọdún méje. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ máa ń fi orúkọ ẹyẹ tàbí ti èso pe ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ lè jẹ́ ẹ láìdorí kodò.

Ní Ìlọrin níbí, ohun kan wà tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún òṣìṣẹ́ tuntun. Ọmọ tó ń lọ sí ilé kéú kò ṣófo nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó ti ka wàláà, ìyẹn pátákó tí wọ́n ń kọ lẹ́tà Lárúbáwá sí, ti mọ̀ pé lẹ́tà dúró fún ìró, ó mọ̀ pé àmì kékeré lókè tàbí nísàlẹ̀ lẹ́tà ń yí ìró padà, ó sì ti kọ́ sùúrù àtika ohun kan náà títí tó fi máa yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ìmọ̀ yẹn gan-an ló máa fi ka Yorùbá tó ní àmì ohùn lókè, tó sì ní àmì lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Ó kàn máa bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì ni, dípò apá ọ̀tún. Olùkọ́ tó bá lọ kí ààfáà ọmọ náà, tó béèrè ibi tí ọmọ kà dé, ti rí alábàáṣiṣẹ́. Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní púrúǹtù.

Àwọn òbí kan, pàápàá ní ìhà Táńkẹ̀, máa ń béèrè ìdí tí a fi ń fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fẹ́. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn. Nítorí èyí ni a fi nílò olóòtú Yorùbá. African Storybook ní Gúúsù Áfíríkà àti StoryWeaver ní Íńdíà ń gbé ìtàn ọmọdé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì gbà kí èèyàn túmọ̀ wọn, kó sì tẹ̀ wọ́n, bó bá ti dárúkọ ẹni tó kọ wọ́n. Olóòtú ló ń rí sí i pé àmì ohùn pé. Àgbàlagbà lè méfò ọ̀rọ̀ tí kò lámì, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò lè ṣe é. Ó sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé èdè Ìgbómìnà ni ọmọ Òmù-Àrán ń gbọ́ nílé, kó má máa ka ọ̀rọ̀ ìyá ọmọ náà sí àṣìṣe.

Ẹlòmíràn tún wà tó ń lọ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé àti ìjọba ìbílẹ̀, tó ń lọ kí mógàjí àti ọba. Akọ̀wé owó náà wà, kí ohun tí ẹ dá má baà sọnù.

Ní ti owó, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀pọ̀ aláàánú ló máa ń sọ pé kí á fi owó wọn ra ìwé, kí á má fi san owó oṣù. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù jìbìtì ló fà á. Òfin ní kí àwọn tó dá àjọ sílẹ̀ má pín èrè rẹ̀ láàárín ara wọn. Kò ní kí á má sanwó fún ẹni tó ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ epo ti kúrò ní 2023, owó ọkọ̀ láti Ìlọrin sí Òmù-Àrán ti di ohun tí a ń ṣírò kí á tó dé orí owó ìwé. Bí olùkọ́ kò bá rí owó ọkọ̀, ìwé á pa dé, ọmọ á sì gbàgbé. Ẹ bi àjọ yòówù kó jẹ́ pé: ta ló ń jókòó ti ọmọ, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀, èló lẹ sì ń san fún un? Ẹ tún béèrè ẹni tó ṣe onídùúró fún olùkọ́ náà, kí ẹ sì rí i dájú pé olùkọ́ kì í dá wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án tí UNESCO yà sọ́tọ̀ ní 1966 fún mímọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, àwọn tó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ máa ń pọ̀. Oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá la nílò yín jù, nígbà tí ilé-ìwé ti fìdí múlẹ̀. Bí ẹ bá lè yọ̀ǹda gbogbo Sátidé táàmù kan, ẹ wá jókòó ti ọmọ. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ wá bá wa ṣa ìwé ní sítọ́ọ̀, kí ọmọ kankan má baà máa retí yín lọ́sẹ̀ kejì. Ẹ mú ìbomú dání, eruku ibẹ̀ pọ̀.